Ta Ni Yóò Jẹ́ Dókítà Ẹsẹ̀?

  Ẹ̀yin ará Kétu ní Èkó níbí, mo kí yín. Ẹ̀yin ará Ìkòsí, Alápẹ̀rẹ̀, Àgbóyì, Ògùdù, títí dé Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa ní Mile 12 tí ẹ ti pàtẹ ata àti tòmátì láti ìdájí, ẹ kú ọjà o. Ọjà á tà. Ẹ̀yin awakọ̀ wa lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń fọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá lónìí. Ẹ yí rédíò yẹn sókè díẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo lẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín gbẹ̀yìn? Mi ò ní ẹ da omi sí i nígbà tí ẹ ń wẹ̀ o. Mo ní kí ẹ jókòó, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí itan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí ẹni ń yẹ ẹ̀wà wò. Ìgbà wo ni?

Ẹ dákẹ́. Mo ti gbọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níwájú, ẹsẹ̀ ni yóò gbé wa sá kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wá ríbi ńkọ́? Ta ni oògùn ẹsẹ̀?

Eyín ní dókítà tirẹ̀. Ojú ní dókítà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ní dókítà tirẹ̀. Òyìnbó ń pe iṣẹ́ náà ní podiatry. Ẹni tó bá kọ́ ọ ló ń tọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ àti èékánná. Ó ń wẹ egbò. Ó ń gé awọ tó ti le gbagidi. Ó ń wo bí èèyàn ṣe ń gbésẹ̀, á sì sọ irú bàtà tó yẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyẹn: ọmọ Kétu, ọmọ Ìkòsí, lè di dókítà ẹsẹ̀. Báwo ni yóò ṣe múra sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọjà. Ẹ bá mi lọ sí Mile 12. Lónìí, ẹ má wo ata. Ẹ má bèèrè iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.

Ẹ rí alábàárù yẹn? Apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ wúwo ju ọmọdé kan lọ. Sílípáàsì ló wọ̀, ó sì ti jẹ tán lápá gìgísẹ̀. Òjò rọ̀ lánàá, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi tòmátì jíjẹrà ń wọ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ rí ẹni tó ń fa ọmọláǹké? Ìka ẹsẹ̀ ló fi di ilẹ̀ mú. Ẹ rí ìyá tó dúró ti àlùbọ́sà láti aago márùn-ún ìdájí? Ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n ti bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páálí ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ariwo ọjà yìí, kí ló ru ẹrù náà? Ẹ ó ní orí ni. Ẹ ó ní ọrùn ni. Ẹsẹ̀ ló rù ú, pẹ̀lú orí àti ọrùn lókè rẹ̀.

Ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe igi lásán. Eegun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Tí a bá ka ti ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo eegun ara. Ọlọ́run kò dédé kó eegun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ síbi kékeré yẹn.

Ṣé ẹ mọ àwọn ọmọ Hausa tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá, tí wọ́n ń lu àlùmọ́gàjí kẹ́ń, kẹ́ń, kẹ́ń? Ìyá á pè wọ́n wọlé. Wọn á lóṣòó. Wọn á gé èékánná, wọn á họ gìgísẹ̀. Wọn á gba owó wọn, ó di ojúlé kejì. Èmi kì í bá wọn jà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, àwọn ló sì ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà. Ẹ rí i báyìí pé àwọn èèyàn wa ń wá ẹni tí yóò bá wọn wo ẹsẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ṣùgbọ́n abẹ kan náà ló ń lọ láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ, ibi tí abẹ fara kàn bíńtín lè di ohun tí a ó gbé lọ sílé ìwòsàn.

Àtọ̀gbẹ yìí, ìtọ̀ ṣúgà, ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ó ń ba iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ó tún ń dín ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ fi í hàn, torí òun ló jìnnà jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìṣó gún ìyá kan láàárọ̀, ó gba inú sílípáàsì wọlé. Ìyá kò mọ̀. Wọ́n tajà. Wọ́n rìn lórí ìṣó náà títí di alẹ́. Ọmọ wọn ló rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bu omi gbígbóná sí i, torí ohun tí ìyá tiwọn náà máa ń ṣe nìyẹn. Omi náà bó wọn. Wọn kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn mímu.

Ṣé mò ń dẹ́rù bà yín ni? Rárá o. Àwọn dókítà kan kó ìròyìn jọ láti ilé ìwòsàn ńláńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019. Nínú àwọn tí wọ́n dá dúró torí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, ó lé ní ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn tàbí apá kan rẹ̀. Egbò kékeré ni púpọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti wo ẹsẹ̀ náà lásìkò ńkọ́?

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Paul Brand lorúkọ rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ni. Ó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore, ní ilẹ̀ Íńdíà. Gbogbo ayé gbà pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ wọn. Brand fara balẹ̀ wò ó. Ó rí i pé ẹran ara wọn kì í dédé jẹrà. Wọn kì í mọ ìrora mọ́ ni. Wọ́n tẹ ìgò, wọn kò mọ̀. Iná jó wọn, wọn kò mọ̀. Bàtà ń gé wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń rìn lọ. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó fi ìmọ̀ yìí ran àwọn alátọ̀gbẹ lọ́wọ́. Ìrora tí gbogbo wa ń sá fún yìí, ọlọ́dẹ ni. Bí ọlọ́dẹ bá sùn lọ, olè á wọlé. Dókítà ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọlọ́dẹ ti sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ dókítà ẹsẹ̀ là ń sọ. À ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní pàtàkì. A ní iṣẹ́ ńlá ni, ọmọ Kétu sì lè ṣe é.

Mo mọ bàbá kan tó ti ń mi orí báyìí. Ó ń sọ ọ́ sínú pé, "Èmi tí mo ń ti bárò torí owó ilé-ìwé, kí ọmọ mi wá máa fọ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀?" Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Nígbà tí Abraham Lincoln jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isachar Zacharie ló bá a tọ́jú rẹ̀. Lincoln fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Kò pẹ́, ó rán an níṣẹ́ lọ sí New Orleans nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta Ààrẹ lẹ́sẹ̀, ṣé èèyàn yẹpẹrẹ ni? Ní New York, láti 1911 ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bàbá.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Kò tíì di ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa ń rí kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB bí ó ṣe ń rí ti nọ́ọ̀sì tàbí ti apòògùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń padà sẹ́yìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọjà. Ẹ̀yin ará Mile 12, ṣé ẹ̀yin lèmi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ èyí fún? Bí wọ́n bá dí iwájú, ẹ ó gba ẹ̀yìn.

Ọ̀nà kan nìyí. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Kétu. Ẹ kọjá Ọjọ́ta, ẹ kọjá Maryland, Anthony, Ọbáníkòró. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà yìí, ẹ ó dé Ìgbóbì, ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀. 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun wa tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler. Ẹsẹ̀ ló gbé ilé ìwòsàn yẹn wáyé, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, ẹ ó bá àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá níbẹ̀, àwọn tó ń di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn. Ọmọ tó bá fẹ́ràn fífi ọwọ́ ṣe nǹkan, tó ń tún bàtà ṣe nílé láìṣe pé ẹnikẹ́ni rán an, kí ó bèèrè nípa ẹ̀kọ́ ṣíṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti bàtà ìtọ́jú. Wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Owerri.

Ọmọ mìíràn lè gba ọ̀nà physiotherapy. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ ọ láti 1966. Unilag náà ń kọ́ ọ ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa. Òmíràn lè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ó sì fi egbò ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn lè di dókítà pátápátá, kí ó wá gbájú mọ́ àtọ̀gbẹ. Dókítà Afoke Isiavwe gba irú ọ̀nà yìí ní Èkó níbí. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Diabetes Podiatry Initiative Nigeria, wọ́n sì ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ òkè òkun nìkan ni.

Òkè òkun náà wà o. Ní Áfíríkà wa níbí, Yunifásítì Johannesburg ní South Africa ń kọ́ni ní podiatry fún ọdún mẹ́rin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà. Lẹ́yìn náà, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń ṣàkóso irú iṣẹ́ ìlera yìí níbẹ̀, kí ẹ tó lè pe ara yín ní podiatrist. Òfin ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ló gùn jù: ẹ ó kọ́kọ́ gba dìgírì kan, ẹ ó ṣe ìdánwò MCAT, ẹ ó lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìtọ́jú ẹsẹ̀, irú èyí tó wà ní Temple ní Philadelphia. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́ta nílé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Ó gùn, àbí? Ó gùn. Owó rẹ̀ náà kò kéré. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé kí ẹ kó owó wá, òun ti bá ọmọ yín rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ẹsẹ̀, ẹ mú owó yín dání. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra yín. Ilé-ẹ̀kọ́ gidi máa dáhùn. Agbódegbà ló máa ń kánjú.

Ó dáa. Ọmọ tó wà ní SS1 tàbí SS2 lónìí ńkọ́, kí ni yóò ṣe? Bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì, físíìsì, ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí físíìsì bà yín lẹ́rù. Bí ara ṣe ń tẹ ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń tì í padà, físíìsì ni. Ti ìwé nìyẹn. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìwé kíákíá, torí ìwé nìkan kọ́ ló ń ṣe dókítà ẹsẹ̀.

Ṣé ẹ lè jókòó sórí àpótí kékeré níwájú àgbàlagbà, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń rùn lé itan yín, kí ojú yín má yí padà? Ìdánwò nìyẹn. Kò sí nínú JAMB. Ẹni tó ní egbò ẹsẹ̀ ti ń tijú kó tó débẹ̀. Ó ti fi aṣọ dì í, ó ti fi lọ́fíńdà wọ́n ọn. Bí ẹ bá yínmú sí i, kò ní padà wá mọ́.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ tíṣà yín bóyá a lè pe oníṣẹ́ ìlera kan wá bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè nílé ìwòsàn bóyá ẹ lè jókòó wo bí wọ́n ṣe ń di egbò nígbà họlidé. Wọ́n lè ní rárá. Ẹ tún bèèrè níbòmíràn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn fẹ́ràn ọmọ tó ti tẹ̀ lé dókítà ẹsẹ̀ kiri, tó sì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí kó tó wọlé.

Ẹ tún máa wo inú àdúgbò. Kétu yìí kún fún ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọmọ Mùsùlùmí, ẹ ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ìgbà márùn-ún lẹ ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá fi omi gba àárín ìka kọjá tán, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì sọ fún bàbá àgbà pé kí àwọn náà máa nù ún, torí ibi tí omi bá dúró sí ni awọ ti ń funfun tí ó sì ń bó. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, ẹ kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ìgbàgbọ́ yín ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Bí ìyá yín bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ bá wọn yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò tí ẹ bá ti ìsìn dé. Okúta, ìṣó, èéfọ́ ìgò, ẹ ó rí ohun tí ojú tiwọn kò rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó: ẹsẹ̀ ní dókítà tirẹ̀, a sì ń wá àwọn ọmọ tí yóò ṣe é. Ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Mo sì ní iṣẹ́ kan láti fún àwọn ọmọ náà kí n tó lọ.

Ìdánwò láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń mọ ìfọwọ́kàn ni. Àwọn dókítà ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde. Kò gba ẹ̀rọ. Kò gba owó. Ìka ọwọ́ yín nìkan ni. Ẹ lọ bá ẹnì kan nílé tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Ẹsẹ̀ àgbà kì í ṣe ohun ìṣeré. Kí wọ́n bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Kí wọ́n dijú. Ẹ ní kí wọ́n sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" nígbàkúùgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ wá fi orí ìka ìfábẹ̀lá yín kan ṣóńṣó àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn. Ẹ ṣe méjèèjì bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn náà, ìka ààrin ti ọ̀tún, kí ẹ tó ṣe ti òsì. Ìka mẹ́fà lápapọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má rìn wọ́n ní ìgàgà. Bí wọn kò bá mọ ọ̀kan, ẹ má padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá tó méjì nínú mẹ́fà tí wọn kò mọ̀, ẹ má pariwo. Ẹ má bu omi gbígbóná. Ẹ má pe alálùmọ́gàjí. Ẹ sọ fún bàbá tàbí ìyá yín pé kí a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gba oògùn ṣúgà wọn, kí wọ́n sọ fún dókítà pé, "A fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ wọn, wọn kò mọ̀." Dókítà á mọ ohun tó kàn.

Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ kọ orúkọ tiyín àti ti ilé-ìwé yín, a ó kà á sétí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọfẹ́. Aago ti lù mí.